Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Ìtàn Iyàn Intel àti AMD ní Ìkẹjà

Bí ènìyàn bá kúrò ní Maryland, tó gba Òpópónà Mobolaji Bank-Anthony, tó kọjá ilé ìtura Sheraton, kò ní pẹ́ dé abẹ́ afárá Ìkẹjà, nítòsí ọjà kọ̀ǹpútà tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí Computer Village. Òpópónà Otigba ni wọ́n fi ń pe ọjà náà látilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ràn dé Ola-Ayeni, Pepple, Francis Oremeji àti Oshitelu. Ọjọ́ ti pẹ́ tí iyàn kan ti wà nínú ọjà yìí tí kò tán: nínú prósẹ́sọ̀ Intel àti ti AMD, ègé sílíkọ́nì tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, èwo ni kí ènìyàn fi owó rẹ̀ rà? Àwọn kan ní Intel ni, pé ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dúró, kì í háàǹgì. Àwọn mìíràn ní AMD ni, pé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, owó rẹ̀ sì fúyẹ́.

Iyàn náà ní ìtàn, ìtàn náà sì gùn ju ọjà Otigba fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé nínú ilé-iṣẹ́ méjèèjì, kò sí èyí tí ọjà rẹ̀ kò kùnà rí. Yóò tún rí i pé ní Ìkẹjà, inú prósẹ́sọ̀ nìkan kọ́ ni ìdúróṣinṣin kọ̀ǹpútà wà. Ó wà lọ́wọ́ iná, lọ́wọ́ ooru, lọ́wọ́ páwà-páàkì, ó sì wà lọ́wọ́ òtítọ́ ẹni tó ta ọjà. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Owó tí a san nínú ìsọ̀ kọ́ ni gbogbo owó ọjà.

Ilẹ̀ tí iyàn náà hù lórí

Ọkọ̀ ojú irin ló kọ́kọ́ sọ agbègbè yìí di ilẹ̀ òwò. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó. Nígbà tó fi di 1901, ó ti dé Ìbàdàn, Agége sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ńlá bíi J.K. Coker gbin kòkó àti obì káàkiri Agége àti Ìfakọ̀, obì náà sì ń wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Nígbà tó yá, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tó ń ṣàkóso Ìkẹjà kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Guinness ṣí ilé ìpọntí rẹ̀ ní 1962, Dunlop bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe táyà ní 1963, Cadbury bẹ̀rẹ̀ ní Àgídíngbì ní 1965. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló ń ti Agége, Ọ̀ṣọ́dì àti Mùṣin wọ ibẹ̀ láràárọ̀.

Ní 2008, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró. Owó iná wà lára ohun tó lé e kúrò nídìí iṣẹ́ náà, táyà olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun náà sì dá kún un. Ohun tó ṣẹ́gun ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn lọ́nà Ọba Àkran, òun náà ló ń bá ègé sílíkọ́nì kékeré jà ní Otigba: iná tí kò dúró, àti ọjà ọ̀pọ̀ tí kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọlé.

Bí AMD ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ náà

Ní 1968, Robert Noyce àti Gordon Moore dá Intel sílẹ̀ ní California. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Jerry Sanders àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá AMD sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan náà. Ní oṣù Kọkànlá 1971, Intel gbé 4004 jáde, prósẹ́sọ̀ tó kó tiransítọ̀ 2,300 sórí ègé sílíkọ́nì kan ṣoṣo. Nàìjíríà ti mọ kọ̀ǹpútà kí ìyẹn tó dé: ní 1963 ni ti àkọ́kọ́ wọlé, tí wọ́n fi ṣe ìṣirò ètò ìkànìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó kún yàrá nìyẹn, ìjọba àti ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ló lápá rẹ̀.

Ohun tó sọ prósẹ́sọ̀ di ọjà aráyé ni kọ̀ǹpútà tí IBM gbé jáde lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ 1981. 8088 ti Intel ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n IBM kò fẹ́ gbára lé ẹnì kan ṣoṣo. Ó ní àfi kí ilé-iṣẹ́ mìíràn náà máa ṣe prósẹ́sọ̀ yìí, kí iṣẹ́ òun má baà dúró lọ́jọ́ tí Intel kò bá rí ọjà kó wá. Báyìí ni Intel àti AMD ṣe tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1982. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn: AMD tí wọ́n ń pè ní ọjà ọ̀pọ̀, torí ìdúróṣinṣin ni wọ́n ṣe mú un wọlé.

Àdéhùn náà kò tọ́jọ́. Nígbà tí Intel gbé 386 jáde ní 1985, kò fẹ́ kí AMD bá òun ṣe é mọ́. Wọ́n di èrò ilé ẹjọ́. AMD jókòó, ó ṣe tirẹ̀, ó sì gbé Am386 jáde ní oṣù Kẹta 1991. Èyí tó yára jù nínú rẹ̀ ń sáré ní mẹgahẹ́ẹ̀tì 40 nígbà tí ti Intel kò kọjá 33, owó rẹ̀ sì dínkù. Lọ́dún yẹn kan náà ni Intel bẹ̀rẹ̀ ìpolówó “Intel Inside”, tó ń lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà náà ni àlẹ̀mọ́ kékeré ti di ẹlẹ́rìí lójú oníbàárà.

Náírà já, kilóònù dé

Lọ́dọ̀ tiwa, 1986 ni nǹkan yí padà. Ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ sí dọ́là. Kọ̀ǹpútà olórúkọ láti òkè òkun wá kọjá agbára ọ́fíìsì kékeré. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà àtòpọ̀, tí àwọn ará ọjà ń pè ní kilóònù, ti rí àyè: wọ́n á kó mọ́dábọ́ọ̀dù, prósẹ́sọ̀ àti páwà-páàkì wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á tò wọ́n pọ̀ níbí. Arábìnrin Florence Seriki, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní Ifẹ̀, dá Omatek sílẹ̀ ní 1988, ilé-iṣẹ́ náà sì wá ń to kọ̀ǹpútà ní Òrégùn, tí kò jìnnà sí Maryland. Ní 2001, Leo Stan Ekeh gbé Zinox jáde.

Láàárín àwọn ọdún 1990 sí 1999 ni àwọn ilé gbígbé ní Otigba ń di ìsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́ tó ti yunifásítì dé tí kò ríṣẹ́ á wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó ń tún ẹ̀rọ ṣe, títí yóò fi gba tábìlì tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Banji Oyelaran-Oyeyinka wà lára àwọn tó ṣèwádìí lórí ọjà náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ kí ayé mọ̀ pé títà nìkan kọ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: wọ́n ń tò, wọ́n ń tún ṣe, wọ́n sì ń kọ́ ara wọn níṣẹ́.

Ìdí kilóònù ni iyàn náà ti gbóná, nítorí ẹni tó bá ń to kọ̀ǹpútà ló ń yan prósẹ́sọ̀. Lásìkò Socket 7, ojú ihò kan náà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù lè gba Pentium ti Intel, 6x86 ti Cyrix àti K6 tí AMD gbé jáde ní 1997. Oníbàárà á gbọ́ iye mẹ́ta fún ohun tí ojú rẹ̀ rí bí ọ̀kan ṣoṣo. Kí ló máa wá mú un san owó tó ga jù? Ìgbàgbọ́ ni. Wọ́n ti sọ fún un pé Intel kì í ṣìṣe.

Bẹ́ẹ̀ Intel ti ṣìṣe ṣáájú ìgbà náà. Ní 1994, Thomas Nicely, olùkọ́ ìṣirò ní Lynchburg College ní Virginia, ṣàkíyèsí pé Pentium òun ń ṣìṣirò. Ẹni tó bá fi 3,145,727 pín 4,195,835, ìdáhùn rẹ̀ yẹ kó jẹ́ 1.33382, Pentium tó lálèébù á mú 1.33374 wá. Intel ti mọ̀, kò pariwo rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní ẹni tó bá lè fi hàn pé àléébù náà kan iṣẹ́ òun nìkan ni òun yóò pààrọ̀ fún. Inú bí aráyé, IBM dáwọ́ títa kọ̀ǹpútà tó ní Pentium nínú dúró ní oṣù Kejìlá, Intel bá gbà láti pààrọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Mílíọ̀nù dọ́là 475 ló bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Láti ìgbà náà ni ó ti yẹ kó yé gbogbo wa pé àléébù lè wà lára ọjà tó wọ́n jù, àti pé ohun tó ń ya ọjà sọ́tọ̀ ni ohun tí ẹni tó ṣe é yóò ṣe nígbà tí àléébù bá yọjú.

Ooru, eruku àti iná

Ní 1999, Athlon ti AMD dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé Pentium III kiri. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 2000 ni AMD kọ́kọ́ dé gígahẹ́ẹ̀tì 1. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni Intel dé ibẹ̀. Ìkánjú mú kí Intel gbé Pentium III ti gígahẹ́ẹ̀tì 1.13 jáde lọ́dún náà, ó ń kùnà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà ní oṣù Kẹjọ. Síbẹ̀ AMD ni orúkọ “ó ń gbóná” lẹ̀ mọ́ lára ní Otigba. Orúkọ náà kò ṣàdédé wá. Ní 2001, àwọn olùyẹ̀wò Tom's Hardware yọ irin tí ń fa ooru kúrò lórí prósẹ́sọ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Pentium 4 dín eré rẹ̀ kù, kò kú. Athlon jóná lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹnjiníà Otigba máa ń bá pàdé nígbà tí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà tó ń háàǹgì wá. Á tú páálí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Eruku á ti dì mọ́ fáànù, á fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n kúrò. Á yọ irin tí ń fa ooru; ìpara tó yẹ kó so irin náà pọ̀ mọ́ prósẹ́sọ̀ ti gbẹ, ó ń ṣí bí ìyẹ̀fun. Á wá wo àwọn kàpásítọ̀ tó yí prósẹ́sọ̀ ká. Ó yẹ kí orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí orí ọ̀kan bá ti wú, tí nǹkan dúdú rúsúrúsú ti ń sun jáde níbẹ̀, àìsàn ti hàn. Iṣẹ́ kàpásítọ̀ ni láti mú kí iná tó ń wọ prósẹ́sọ̀ dọ́gba. Tí kò bá ṣe é mọ́, prósẹ́sọ̀ tó dára jù láyé á ṣìṣirò, kọ̀ǹpútà á sì dákú lójijì. Láti nǹkan bí 1999 títí di 2007, kàpásítọ̀ tí kò dára ba mọ́dábọ́ọ̀dù jẹ́ káàkiri ayé, ti Intel àti ti AMD pọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹnjiníà á gbé páwà-páàkì lọ́wọ́. Bó bá fúyẹ́ jù, ó ti mọ̀ pé irọ́ ni iye wáàtì tí wọ́n kọ sí i lára.

Nígbà tí ó bá parí, oníbàárà á ní AMD ló fà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe AMD. Ẹni tó torí owó ra AMD ló máa ń torí owó ra mọ́dábọ́ọ̀dù tó rẹlẹ̀ jù àti páwà-páàkì tó fúyẹ́ jù. Nígbà náà, Intel ń ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ti AMD sì ń wá láti ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn, pẹ̀lú ẹ̀yà bíi ti ilé-iṣẹ́ VIA, tí ọ̀kan lára wọn ń ba fáìlì jẹ́ ní 2001. Ẹ̀ṣẹ̀ ará ilé gbogbo ni wọ́n gbé ka orí ọmọ kan.

Nígbà tó di 2004, ọ̀rọ̀ ooru yí padà pátápátá. Pentium 4 tí wọ́n ń pè ní Prescott ń jẹ iná tó ju wáàtì 100 lọ nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan, Athlon 64 tí AMD gbé jáde ní 2003 sì tutù jù ú lọ. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí, nítorí gbogbo wáàtì tí prósẹ́sọ̀ bá jẹ, òun ló ń ra epo rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tó ti lẹ̀ kò ṣí. NẸ́PÀ, ilé-iṣẹ́ iná ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972, di PHCN ní 2005. Ní oṣù Kọkànlá 2013 ni wọ́n gbé iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, Ikeja Electric sì gba agbègbè yìí. Ní gbogbo àsìkò yẹn, sitébíláísà àti UPS kò kúrò lára owó kọ̀ǹpútà. Bí a bá fi wọ́n kún un, ìyàtọ̀ tó wà láàárín Intel àti AMD á kéré lójú ẹni.

Tòkunbọ̀ àti Abuja

Ní 2005, àjọ Basel Action Network láti Seattle gbé ìròyìn jáde lórí ohun tí wọ́n rí ní Èkó. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí kọ̀ńténà 500 tó kún fún ẹ̀rọ alòkù ló ń wọlé lóṣù, àti pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù náà ni kò ṣeé lò. Ìlẹ̀kùn tí tòkunbọ̀ gbà wọlé náà ni Intel gbà borí lọ́jà wa. Ọ́fíìsì Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni àwọn kọ̀ǹpútà náà ti wá, Intel ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2009, Àjọ Yúróòpù bu owó ìtanràn bílíọ̀nù Yúrò 1.06 lé Intel, pé ó ń fi ẹ̀dínwó fa àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà kí wọ́n má baà ra AMD. Ilé ẹjọ́ fagi lé ìtanràn náà ní 2022. Ní oṣù Kọkànlá 2009, Intel san bílíọ̀nù dọ́là 1.25 fún AMD láti parí ìjà tiwọn. Ohun tí oníbàárà Otigba rò pé òun fi ojú ara òun yàn, àwọn kan ti yan púpọ̀ nínú rẹ̀ fún un ní òkè òkun kí kọ̀ńténà tó gbéra.

Ní 2007, iyàn náà wọ kíláàsì àwọn ọmọ wa. Ètò One Laptop per Child ti Nicholas Negroponte kó láptọ́ọ̀pù XO wá sí ilé-ìwé kan ní Galadimawa, Abuja. Geode ti AMD, mẹgahẹ́ẹ̀tì 433, ló wà nínú rẹ̀. Kò ní fáànù, iná díẹ̀ ló ń jẹ. Dọ́là 100 ni wọ́n ṣèlérí, ṣùgbọ́n ó ju 180 lọ nígbà tó jáde. Intel gbé Classmate tirẹ̀ dìde, tó ní Celeron nínú. Nàìjíríà yan Classmate 17,000, pẹ̀lú ètò Linux tí wọ́n ń pè ní Mandriva lórí rẹ̀, ariwo sì ta nígbà tí Microsoft fẹ́ kí wọ́n fi Windows rọ́pò rẹ̀. Nínú gbogbo awuyewuye yẹn, ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi wọn ni pé: bí iná bá lọ lọ́sẹ̀ mẹ́ta, èwo ló ṣì máa ṣiṣẹ́, ta ni yóò sì tún un ṣe bó bá bàjẹ́?

Ohun tí ọdún àìpẹ́ yìí fi hàn

Nígbà tí Core 2 ti Intel dé ní 2006, Intel gba iwájú. Phenom tí AMD gbé jáde ní 2007 bá àléébù wáyé, Bulldozer ti 2011 ń jẹná púpọ̀ láìsáré tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Intel kò rẹ́ni lé e, ọjà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún, owó rẹ̀ kò sì wálẹ̀. Lisa Su di ọ̀gá àgbà AMD ní 2014. Ní oṣù Kẹta 2017, Ryzen jáde, ó sì gbé prósẹ́sọ̀ oníkọ́ọ̀ mẹ́jọ wá ní owó tí Intel kò lè fojú fo. Láàárín oṣù mélòó kan, Intel náà fi kún tirẹ̀. Ẹni tí kò ra AMD rí láyé rẹ̀ jàǹfààní níbẹ̀.

Ní 2023, àwọn Ryzen 7000X3D kan jóná nítorí fólítéèjì tó pọ̀ jù, AMD sì ní kí wọ́n fi ààlà sí fólítéèjì náà. Ní 2024, ó kan Intel: prósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá tó lágbára bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà. Intel ṣàlàyé pé fólítéèjì tó ga jù ń ba inú wọn jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó gbé àtúnṣe 0x129 jáde ní oṣù Kẹjọ, ó sì fi ọdún méjì kún àtìlẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Irú rẹ̀ lè di tòkunbọ̀ kó sì wọ Ìkẹjà pẹ̀lú àlẹ̀mọ́ Intel lára, láìsí àtìlẹ́yìn kankan. Ẹni tó rà á torí pé “Intel kì í kùnà” á san owó ìdúróṣinṣin, kò ní rí ìdúróṣinṣin gbà.

Ìgbà tí ìdààmú yìí dé náà ni náírà ṣubú. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi náírà 460 kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023 kọjá 1,500 ní 2024. Owó oṣù púpọ̀ ni kọ̀ǹpútà kan ń jẹ báyìí. Àṣìṣe kò tún ṣeé fara dà mọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ láìfì síbì kan: ká fi orúkọ sílẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹ̀rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, ẹ má gbé kọ̀ǹpútà kúrò nídìí tábìlì kí wọ́n tó fi iṣẹ́ gidi gbóná rẹ̀ lójú yín, kí ẹ wo bí ooru rẹ̀ ṣe tó, bóyá ó háàǹgì. Ẹ ṣírò prósẹ́sọ̀, mọ́dábọ́ọ̀dù, páwà-páàkì, UPS àti epo pọ̀, kí ẹ tó pe ohunkóhun ní ọ̀pọ̀ tàbí ọ̀wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà, ẹ kọ àtìlẹ́yìn yín sínú rìsíìtì pẹ̀lú ọjọ́ tó máa parí, ẹ sì sọ fún oníbàárà bí ọjà bá jẹ́ tòkunbọ̀. Ó sì ti pẹ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ pé òun yóò kó ọjà yìí lọ sí Katangowa lápá Agége. Bí wọ́n bá kó o lọ láìsí iná tó dúró àti ibi àyẹ̀wò tí gbogbo ẹrù tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá, ìsọ̀ nìkan ni wọ́n kó. Intel àti AMD yóò máa bá ara wọn du ipò, ó sì dára bẹ́ẹ̀ fún àwa tí ń rà. Ìdúróṣinṣin tó wà lọ́wọ́ wa láti ṣe ní Ìkẹjà, kò sí ilé-iṣẹ́ California kankan tó máa bá wa ṣe é.